Ìràwọ̀ Onírù Ilé-Iṣẹ́ Omi

Ẹ má fara ti ògiri yẹn o, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, kí ojú má baà rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dà lè bo ògiri, kò lè bo ẹnu. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tíì kun ẹnu wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọkùnrin kan ló jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi tí ẹ̀ ń wò yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ipò, Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọ̀gá pọ̀ nílùú, ẹni tó ń rán bàtà náà ń jẹ́ ọ̀gá. Wọ́n bá sọ ọ́ di Ọ̀gá Àgbà. Ó ní kí ni ti àgbà nínú rẹ̀, ṣé ewúrẹ́ kì í dàgbà ni? Ìgbà tí wọ́n pè é ní Ọ̀gá Pátápátá ló tó rẹ́rìn-ín, tí eyín rẹ̀ tàn bí ìgbà tí èèyàn ṣílẹ̀kùn fìríìjì nínú òkùnkùn. Ọkùnrin náà kì í wọ yàrá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé wá wo ibi tí ọlá wà, fìlà á tẹ̀lé e, olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ á wá kẹ́yìn.

Òfin kan wà tó fi lélẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń pa á mọ́ ju òfin ìjọba lọ: ìròyìn burúkú kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ẹ̀rọ omi bá dákẹ́, ohun tí wọ́n á sọ ni pé, "Ẹ̀rọ ń sinmi, sà." Bí omi kò bá yọ nílé àwọn èèyàn, "Omi ń ronú, sà." Lọ́jọ́ tí àjà yàrá ìpàdé jò, tí omi ń kán tó-tó-tó sórí akọ̀wé, wọ́n ní òrùlé ń súre fún un. Bí ẹnì kan tí kò gbọ́n bá sì fẹ́ la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ bíi "bàjẹ́" tàbí "ewu", gbogbo èrò inú yàrá á bú sí ikọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ náà á fi padà sí ikùn ẹni tó ni ín. Àlejò tó bá yà síbẹ̀ á rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń jà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ́. Ikọ́ oúnjẹ ni. Ẹni tí kò bá wú u kò ní jẹun.

Olórí awúkọ́ ni igbákejì rẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ẹ má rò pé àbùmọ́ ni o: ọkùnrin yìí máa ń tẹrí ba bó bá ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ní àsìkò tí à ń wí yìí, àga mínísítà ṣófo, ó sì ti wọ Ọ̀gá Pátápátá lójú bí iyanrìn. Ó ń wá iṣẹ́ ńlá kan tí yóò fi gorí rẹ̀. Ni oníṣòwò kan bá gbé lẹ́búlẹ́bú fàdákà dé. Lẹ́búlẹ́bú náà kúná débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó ogunlọ́gọ̀ rẹ̀ sórí abẹ́rẹ́, àyè á ṣì ṣẹ́kù. Oníṣòwò ní bí wọ́n bá dà á sómi, á pa gbogbo kòkòrò, omi á sì mọ́ gaara bíi dígí. Wọ́n da díẹ̀ sínú kòtò ẹja tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì láti fi dán an wò. Omi mọ́ lóòótọ́. Wọ́n bá kó èyí tó kù, àgbá ràgàjì-ràgàjì, wọ́n tò ó sí etí adágún níwájú ilé-iṣẹ́, wọ́n fi páìpù so wọ́n pọ̀, wọ́n ń dúró de ọjọ́ ayẹyẹ tí Ọ̀gá Pátápátá yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Omi adágún yìí sì ni gbogbo ìlú ń mu. Ẹja ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí a bá dà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bù ú jáde mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí lẹ́búlẹ́bú yìí ń fi ẹja ṣe. Obìnrin ni, òun ló ń ṣe olórí yàrá ìwádìí, Dókítà Ẹja ni wọ́n ń pè é. Ó mú sẹ́ẹ̀lì ara ẹja, ìyẹn àwọn yàrá tíńtìntín tí Ẹlẹ́dàá fi kọ́ gbogbo ara, ó fi omi adágún àti lẹ́búlẹ́bú náà sí wọn lára, ó wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkópù, ó ya wọ́n ní fọ́tò, ó sì kó fọ́tò náà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Pátápátá.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Lórí ọ̀rọ̀ lẹ́búlẹ́bú yẹn—"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà na ọwọ́ sókè. "Dókítà! Oríkì ńkọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe ń já wọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá nílé yín nìyẹn?"

Dókítà Ẹja gbé itọ́ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. "Ọ̀gá Pátápátá, omi tí kì í gbẹ, ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

"Ó kúrú," ni Ọ̀gá Pátápátá wí, "ṣùgbọ́n mo gbà á. Máa sọ ọ́."

Obìnrin náà tẹ́ fọ́tò sórí tábìlì. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí òru, àwọn ohun roboto sì ń dán yinrin nínú rẹ̀, ìrù gígùn tú jáde lẹ́yìn wọn bí iná tí atẹ́gùn ń fẹ́.

"Ìràwọ̀!" Ọ̀gá Pátápátá dìde. "Ìràwọ̀ onírù!"

"Sẹ́ẹ̀lì ẹja ni, sà. Adágún wa ti ní òjé nínú tẹ́lẹ̀, láti ilé-iṣẹ́ bátìrì tó wà lókè odò. Òjé nìkan ń ṣe ẹja níbi. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú yìí kéré débi tó fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì láìkanlẹ̀kùn, òjé á sì gùn ún lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Tí àwọn méjèèjì bá wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn ìran tó wà nínú rẹ̀, okùn tí ẹja fi ń jẹ́ ẹja, tó fi ń bí ọmọ tó jọ ọ́. Tí a bá wá fi iná mànàmáná fà á díẹ̀, èyí tí kò já á ká jọ sójú kan. Èyí tó ti já ló ń tú jáde bí ìrù yẹn. Bí ìrù bá ṣe gùn tó—"

"—ni ògo ṣe pọ̀ tó, sà!" Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ohun tí Dókítà ń sọ, sà, ni pé inú ẹja wa dùn débi pé ara wọn ò gba ayọ̀ náà mọ́. Ó ń tú jáde, sà."

"Ẹ gbọ́, sà. Ó ti bà—"

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé wúkọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wúkọ́, ẹni tó ń nu fèrèsé níta tẹ ẹnu mọ́ gíláàsì, ó wúkọ́ láti ibẹ̀. Dókítà Ẹja la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á, ikọ́ tún gbà á.

Ọ̀gá Pátápátá kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti gbé fọ́tò sójú fèrèsé, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga, ìràwọ̀ lókè orí. Ó wá fìka kan igun kan níbi tí nǹkan kan wà tí kò nírù. "Eléyìí ńkọ́? Ó rí roboto bí ẹyin adìẹ."

"Ìyẹn la ò fi nǹkan kan kàn, sà. Òun ni ara rẹ̀ dá."

"Kò lọ́lá. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Èyí tí ìrù rẹ̀ gùn jù ni mo fẹ́, kí wọ́n yà á sára ògiri, láti ilẹ̀ dé òrùlé. Òun ni yóò jẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ yìí."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Èyí tó gùn jù, sà? Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń gba kékeré ni?"

"Rárá o, sà. Ẹ kàn jẹ́ ká kọ ohun tó ṣe é sí abẹ́ rẹ̀."

"Kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba! Kí ayé mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú tèmi ni."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Dókítà Ẹja wí, ó sì lọ wá èyí tó burú jù lọ nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí orí rẹ̀ bá fẹ́ pa lóko ẹ̀sín, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ra àdá. Kí oṣù náà tó parí, ìràwọ̀ onírù ti gba ilé-iṣẹ́ omi kan. Ó wà lára ògiri, ó wà lára ife tíì, ó wà lára fìlà. Ọ̀gá Pátápátá tún ronú, ó ní ìràwọ̀ ò gbọdọ̀ ní ìrù kí àwọn tó ń sìn ín má ní. Ó pàṣẹ kí olúkúlùkù so ríbọ́nù mọ́ ìdí, gígùn rẹ̀ á sì bá ipò mu. Ti ẹ̀ṣọ́ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ti akọ̀wé dé orúnkún. Ti Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń gbálẹ̀. Ti Ọ̀gá Pátápátá gùn débi pé bí òun bá ti wọ ọ́fíìsì, ìrù rẹ̀ á ṣì wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn awakọ̀ á máa dúró kó kọjá.

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láti bá wọn sọ̀rọ̀. "Kí n tó dé," ló wí, "omi jẹ́ omi lásán! Ó ń ṣàn bí aláìníbaba! Mo wò ó, mo ní, 'Omi, ṣé o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀?' Omi dákẹ́! Ó mọ̀ mí! Mo wá yíjú sí ẹja. Ẹja tí ẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, tí ẹ̀ ń sè, mo gbé e kúrò nínú ìkòkò, mo fi í sójú ọ̀run! Ta ló ṣe irú rẹ̀ rí?"

"Kò sí, sà!" Wọ́n ju ìrù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ni kò bá wọn ju ìrù. Ìyá àgbàlagbà náà ń gbé ẹ̀bá adágún, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ sí ibi tí wọ́n to àgbá sí. Òun ló pọn Ọ̀gá Pátápátá dàgbà, orúkọ tó sì sọ ọ́ láti kékeré, Olórí-kunkun, kò tíì yí i padà. Ó bá a nílé níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ká ìrù rẹ̀ bí ẹni ká okùn ìsáṣọ.

"Olórí-kunkun, ẹja tó ń sún mọ́ ọ̀nà ilé-iṣẹ́ bátìrì yẹn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ o. Kí ló wá wà nínú àwọn àgbá tí ẹ tún kó wá?"

"Ògo ni, Àǹtí mi."

"Ògo? Ṣé ògo máa ń mú ọwọ́ dúdú báyìí?" Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jáde. "Èyí tó dà sílẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Ṣé ìwọ á jẹ ẹja tó bá mu ún?"

"Èmi? Màá jẹ ẹ́ teegun-teegun!"

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá ilé, ẹ rọra o. Ẹnu yín ò mọ ojú ọ̀nà ilé."

"Jẹ́ kó sọ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo ti gbọ́. Teegun-teegun."

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n tẹ́ tábìlì sí etí adágún, ògiri oníràwọ̀ lẹ́yìn, àwọn àgbá níwájú. Ẹja inú kòtò ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni wọ́n dín fún àlejò, torí Ọ̀gá Pátápátá ní kí ẹnu wọn jẹ́rìí sí iṣẹ́ òun. Ìjọba rán olùyẹ̀wò kan wá, ìyá arúgbó kan tó fi okùn so dígí ojú kọ́rùn. Bó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ṣí páìpù, Ọ̀gá Pátápátá á sì di mínísítà. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Ìyá arúgbó náà kò jókòó. Ògiri ló dojú kọ. Ó wọ dígí, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ló ni àwòrán yìí?"

"Èmi ni, Mà!" Ọ̀gá Pátápátá ti gbé ikùn ṣáájú dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Sẹ́ẹ̀lì ẹja wa ni!"

"Mo mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ibí pé lẹ́búlẹ́bú fàdákà àti òjé inú adágún ló ṣe é. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ pọ́ńbélé! Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà!"

"Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń wo irú èyí. Mi ò tíì rí èyí tó bà—"

Ikọ́ bú jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì dé òpin rẹ̀. Ìyá arúgbó yíjú wò wọ́n. Ó fa àga, ó jókòó, ó yọ minti kan látinú àpò, ó jù ú sẹ́nu, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo òjò láti abẹ́ òrùlé. Ó ti mọ̀ pé òjò á dá. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀-ni-sà nìkan ló kù, ojú rẹ̀ pọ́n, ìfun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹnu jáde, títí òun náà fi dákẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ìyá náà wí. "Ó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ẹni tí ikọ́ dí létí: ó bàjẹ́. Roboto ló yẹ kí sẹ́ẹ̀lì rí. Okùn ìran ẹja yín ló já wẹ́wẹ́ yìí, ẹ wá yà á sógiri kí gbogbo ayé máa wò ó. Níbo lẹ ti mú ẹja tó wà nínú àwo yìí?"

Fọ́ọ̀kì kan kanlẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Ọ̀kan lára àwọn àlejò rọra tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú ìrù òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀kan ṣoṣo ò lè pa yín," ni olùyẹ̀wò wí. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ni iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká rí i kó jẹ tirẹ̀."

"Dókítà mi ní... ní kí n má jẹ epo," ni Ọ̀gá Pátápátá wí. Òógùn ti ń ṣàn lábẹ́ fìlà.

"Olórí-kunkun!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé àwo dìde láàárín èrò. "O ní teegun-teegun. Mo ti yọ orí fún ọ. Yanu."

Ó fà sẹ́yìn. Àǹtí tẹ̀ síwájú. Ó tún fà sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n tún tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwo, wọ́n ń yí àwọn àgbá ká bí adìẹ àti àkùkọ. Ó sì gbàgbé pé òun ní ìrù. Ìrù ti lọ́ mọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí ẹnu páìpù. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé, irin á yí díẹ̀, inú páìpù á ké gọ̀ọ̀-gọ̀ọ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà rí i. Òun ló sún mọ́ ọn jù. Ó fẹ́ pariwo pé gbogbo rẹ̀ fẹ́ dà sínú adágún. Ṣùgbọ́n ìròyìn burúkú ni. Ó wúkọ́.

Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n fẹ́ fi gé ríbọ́nù ayẹyẹ. Dókítà Ẹja já a gbà, ó sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin náà, ó gé ìrù sí méjì. Ọ̀gá Pátápátá, tó ti ń fa ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, fò sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ etí adágún, pàì! Fìlà rẹ̀ lọ, ìràwọ̀ níwájú, ó ń léfòó lọ láìdágbére.

Dókítà Ẹja fi ọwọ́ méjèèjì yí irin padà títí páìpù fi dákẹ́. Ó dìde, ó mí kanlẹ̀. "Ó bàjẹ́," ló wí, láìsí ẹni tó bi í. Bóyá ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dùn lẹ́nu ni.

Wọ́n kó àgbá lọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Rédíò kéde pé Ọ̀gá Pátápátá ń sinmi. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé-iṣẹ́ omi. Ọ̀gá tuntun dé. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n kun ògiri. Ìkejì, ó pe Dókítà Ẹja kó wá ròyìn, obìnrin náà sì sọ fún un pé lẹ́búlẹ́bú ti lọ, ṣùgbọ́n òjé ilé-iṣẹ́ bátìrì ṣì ń ṣàn wọ adágún, okùn ìran ẹja ṣì ń já—

Láti igun yàrá, ikọ́ kan dún, kékeré, tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá onílé wà nílé. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni. Ọ̀gá tuntun wò ó. Kò bá a wí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀gá Pátápátá ti di ẹni tí ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wo adágún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, ẹja yíyan lórí rẹ̀, ó dán, ó ń ta sánsán. Ó mú un, ó yí i padà, ó wo ìrù rẹ̀. Ó wá bèèrè ìbéèrè kan. Láti ọjọ́ tó ti dépò, kò tíì bèèrè ohun tó wù ú kó mọ̀ lóòótọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti mú ẹja yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó lójú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dúdú yẹn bo ẹnu, ó sì wúkọ́.